Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀kọ́ ìwé kíkà ń yí ọpọlọ ọmọ tó ní dyslexia padà?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági Tuntun, níhìn-ín ní Ìbàdàn. Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó wà ní pírámárì kẹrin, ṣùgbọ́n kò lè ka ojú ewé kan já. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Bí oníbàárà bá ra ọ̀pá aṣọ méje, á ti ṣírò owó rẹ̀ kí n tó mú ẹ̀rọ ìṣirò. Tíṣà rẹ̀ ní olódo ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká wá ìsọ̀yè fún un. Olùkọ́ tuntun kan ló wá sọ fún mi pé ó lè jẹ́ dyslexia, ìyẹn ìṣòro ìwé kíkà tí kì í ṣe àìgbọ́n, pé ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe bíi ti àwọn yòókù, pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òkè òkun, wọ́n sì rí i pé ẹ̀kọ́ ń yí i padà. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti gbé e lọ ya ọpọlọ rẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀, àbí kí n fi owó náà wá olùkọ́? Ọmọ náà bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé ṣé orí òun ló bàjẹ́ ni. N kò mọ ohun tí mo lè sọ.”

Ìyá wa, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àmúmọ́ra. Mo ka ìwé yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń ni lára nínú ìlú yìí. Nínú kíláàsì ilé-ìwé ìjọba kan lápá Mọ́kọ́lá ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá ní yàrá kékeré ti ara mi ní Bódìjà, kò sì sí sáà ẹ̀kọ́ kan tí irú ìbéèrè yín kì í dé etí mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ohun mẹ́ta lẹ bi mí: ṣé ẹ̀kọ́ ìwé kíkà lè dé inú ọpọlọ ọmọ kó sì yí nǹkan padà níbẹ̀, ṣé ẹ̀rọ tó ń ya ọpọlọ ló yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ sí, àti kí ni kí ẹ sọ fún ọmọ tó ti ń rò pé orí òun bàjẹ́. N óò dáhùn ìkejì ní kíá kí ọkàn yín lè balẹ̀ láti ka ìyókù: ẹ má ṣe fi owó yẹn ya ọpọlọ ọmọ yín, ẹ fi wá olùkọ́ tó mọ iṣẹ́. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ló gùn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ tuntun yẹn sọ, pé ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe bíi ti àwọn yòókù, kì í ṣe irọ́, àmọ́ bí ó ṣe dé etí ìyá ni ẹ̀rù fi wọlé. Ọpọlọ tó yàtọ̀ kì í ṣe ọpọlọ tó bàjẹ́. Kò sí ọmọ tí a bí pẹ̀lú igun kan nínú ọpọlọ tí a dá fún ìwé kíkà. Ọ̀rọ̀ sísọ ni a dá mọ́ wa. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ ní gírámà á ti máa sọ Yorùbá yanranyanran kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìwé ní tirẹ̀, àlejò ni. Kò tíì pé igba ọdún tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe làálàá lórí bí a ó ṣe máa fi ábídí kọ èdè wa sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn baba ńlá wa ti ń sọ èdè náà, tí wọ́n ń ki oríkì, tí wọ́n ń pe ẹsẹ Ifá, láti ayébáyé. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá máa kàwé ní láti yá àwọn ibi tí ọpọlọ ń lò fún iṣẹ́ mìíràn: ibi tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ibi tó ń dá ojú ènìyàn àti àwòrán nǹkan mọ̀, ibi tó ń darí ẹnu. Ní ọdún 2010, Stanislas Dehaene, onímọ̀ ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà ní Brazil àti Portugal. Àwọn kan nínú wọn kò mọ̀wé rárá, àwọn kan kọ́ ọ láti kékeré, àwọn kan sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n dàgbà tán ni wọ́n tó kọ́ ọ. Ìwé kíkà ti yí ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà ṣiṣẹ́ padà, kódà lára àwọn tó kọ́ ọ lágbà. Ẹ wá rí i pé ẹ̀kọ́ tó ń yí ọpọlọ padà kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu tí a fi pamọ́ fún ọmọ tó ní dyslexia nìkan. Ọmọ tó jókòó ti ọmọ yín ní kíláàsì, tó ń kàwé geere, ọpọlọ tirẹ̀ náà ti yí padà. Ó kàn rọrùn fún un ju ti ọmọ yín lọ ni.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ fi sọ́kàn, apá òsì orí ni gbogbo wọn sì wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Èkíní wà lókè etí, ó fi díẹ̀ bọ́ sẹ́yìn. Níbẹ̀ ni lẹ́tà tí ojú rí àti ìró tí etí mọ̀ ti ń pàdé. Èkejì wà nísàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn orí. Òun ló ń dá odindi ọ̀rọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń dá oníbàárà yín àtijọ́ mọ̀ láàárín èrò Gbági láìjẹ́ pé ẹ ń wo imú rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ wo ojú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta wà níwájú, lápá ibi tí Paul Broca, oníṣègùn ará Faransé, tọ́ka sí ní 1861 pé ó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn okùn funfun tín-tìn-tín so àwọn ibi wọ̀nyí pọ̀, ìsọfúnni sì ń gba orí wọn kọjá. Nígbà tí àwọn olùwádìí fi ẹ̀rọ wo àwọn ọmọ tó ní dyslexia bí wọ́n ṣe ń kàwé, ohun tí wọ́n ń rí léraléra ni pé ibi méjì tó wà lẹ́yìn kì í ṣiṣẹ́ tó ti àwọn akẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni iwájú tàbí apá ọ̀tún máa ń ṣe làálàá láti dí àlàfo náà. Ìdí nìyí tí ó fi ń rẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kó tó ka ìlà márùn-ún. Àárẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ojú ni dyslexia ti ń wá, pé ọmọ náà ń rí lẹ́tà sódì. Lóòótọ́, ọmọ á ka “was” bí “saw”, á kọ b sí ibi tí d yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìwé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò lára wọn. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn wà nínú ìró. Ẹ rántí ẹ̀nà tí a máa ń sọ ní kékeré kí àwọn àgbà má baà gbọ́ ohun tí à ń wí, tí ẹni tó fẹ́ sọ pé “mo fẹ́ lọ” á ní “mogo fẹ́gẹ́ lọgọ”. Ẹni tó bá máa sọ ẹ̀nà gbọ́dọ̀ lè gé ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, kó fi ìró kún un, kó sì tún un tò, gbogbo rẹ̀ ní wàrà. Mo ti ṣàkíyèsí fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi kì í sábà lè bá ẹgbẹ́ wọn sọ ẹ̀nà. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé ó yé wọn. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan wá láti apá Bẹẹrẹ. Mo da ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò sórí tábìlì, mo ní kó gbé ọ̀kan síwájú fún ìró kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́ nínú “bàtà”. Ó gbé méjì. Mo ní kó tún sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó fi ọwọ́ kan ìdérí kẹta, ó wo ojú mi, ó sì dá a padà. Ó gbọ́ “bà”, ó gbọ́ “tà”, ṣùgbọ́n pé nǹkan méjì ló wà nínú “bà”, ọ̀kan tí ètè ń pa pọ̀ sọ àti ọ̀kan tí ẹnu ń là sọ, etí ọkàn rẹ̀ kò tíì là sí i. Bí ìró kò bá dá yàtọ̀ sí ara wọn nínú ọkàn ọmọ, kí ni lẹ́tà fẹ́ dúró fún? Á kàn máa há ìrísí ọ̀rọ̀ sórí bí ẹni há àmì ilà sórí ni, títí ọ̀rọ̀ yóò fi pọ̀ ju ohun tí orí lè gbà. Ìyẹn gan-an ló fi ń jẹ́ pé pírámárì kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń dúró gbagidi, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti rò pé wọ́n ń ṣe dáadáa.

Ọ̀rọ̀ tí tíṣà sọ pé olódo ni dùn mí gan-an, nítorí pé ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1887 ni Rudolf Berlin, oníṣègùn ojú ará Jámánì, fún nǹkan yìí ní orúkọ tí à ń pè é. Ní 1896, Pringle Morgan, oníṣègùn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan tó ń jẹ́ Percy, tó gbọ́n dáadáa, tó lè ṣe ìṣirò, àmọ́ tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí “Precy” láìmọ̀ pé òun ṣi í kọ. Olùkọ́ Percy sọ pé bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, òun ni ìbá já fáfá jù ní gbogbo ilé-ìwé. Ẹ fi ìyẹn wé ọmọ yín tó ń ṣírò owó ọ̀pá aṣọ méje. Nínú ọmọ 100, àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ pé 5 sí 10 ló ní i, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bi baba rẹ̀ àti àwọn àbúrò baba rẹ̀ bí ìwé ṣe rí fún wọn ní kékeré. Kì í ṣe láti wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Mo ti rí baba tó jókòó sínú yàrá mi tó sunkún nígbà tí mo ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, torí pé ọjọ́ yẹn gan-an ló tó mọ orúkọ ohun tó lé òun kúrò ní ilé-ìwé.

Wàyí o, kí ni ẹ̀kọ́ ń ṣe níbẹ̀? Ìwádìí tí olùkọ́ yẹn gbọ́ nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Houston ní Amẹ́ríkà gbé ìròyìn ọmọ mẹ́jọ tó ní dyslexia jáde, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 17. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ka agbára òòfà kékeré tó ń jáde láti inú ọpọlọ wò wọ́n, wọ́n kọ́ wọn ní ìró àti lẹ́tà fún nǹkan bíi 80 wákàtí, wọ́n sì tún wò wọ́n. Ibi tó wà lókè etí òsì, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ dáhùn tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, ìwé kíkà àwọn ọmọ náà sì sunwọ̀n. Ní 2004, àwọn olùwádìí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde: ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́, fún oṣù mẹ́jọ, lórí bí lẹ́tà ṣe ń dúró fún ìró. Nígbà tí wọ́n padà yẹ àwọn ọmọ náà wò ní ọdún kan lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ parí, ibi ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn orí, èyí tó ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èmi fẹ́ràn èyí jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó fi hàn pé ìyípadà náà kò pòórá nígbà tí olùkọ́ gba ilé rẹ̀ lọ.

Àwọn okùn funfun náà kò gbẹ́yìn. Ní 2009, Timothy Keller àti Marcel Just ní Pittsburgh wo àwọn ọmọ ọdún 8 sí 10 tí wọn kò mọ̀wé kà dáadáa, tí wọ́n gba 100 wákàtí ẹ̀kọ́ àkànṣe. Okùn funfun kan lápá òsì níwájú, tí kò dára tó ti àwọn ọmọ tó ń kàwé geere kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ti dára sí i nígbà tí wọ́n parí. Ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà kò yí padà. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Seattle ròyìn ẹ̀kọ́ tó le ju ìyẹn lọ, wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, tí í ṣe 160 wákàtí. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni àwọn okùn náà ti ń yí padà bí ìwé kíkà àwọn ọmọ ṣe ń gòkè. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti gbé abúlé rí. Bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ ibì kan nínú igbó lójoojúmọ́, koríko á kú, ilẹ̀ á le, á di ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà. Okùn tí ìsọfúnni ń gbà kọjá léraléra lè ní ọ̀rá tó bò ó nípọn sí i, ohun tó ń gba ibẹ̀ á sì túbọ̀ yá. Ẹ̀kọ́ ni ẹsẹ̀ tó ń tẹ ọ̀nà náà. Ẹ̀rọ kàn dúró lókè ya àwòrán ọ̀nà ni, kò la ọ̀nà kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ ro ọ̀rọ̀ owó yín. Ìwádìí wọ̀nyí, àròpọ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, iye ọmọ inú wọn kò sì pọ̀. Ẹ ti gbọ́ ẹni mẹ́jọ. Bí a bá kó àwòrán ọpọlọ ogún ọmọ tó ní dyslexia ti ogún tí kò ní i, ìyàtọ̀ á hàn, àmọ́ bí a bá mú àwòrán ọmọ kan ṣoṣo jáde, kò sí oníṣègùn tó lè tọ́ka sí i pé dyslexia rèé. Kódà nígbà tí àwọn kan kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí yìí jọ ní 2022 láti wo ibi tí gbogbo wọn ti fẹnu kò, wọn kò rí igun kan pàtó tó ń yí padà nínú gbogbo rẹ̀ lọ́nà kan náà. Ìwádìí mìíràn tí Fumiko Hoeft, onímọ̀ ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tó jáde ní 2011, sọ pé iṣẹ́ tí apá ọ̀tún níwájú orí ń ṣe ló sọ tẹ́lẹ̀ àwọn ọmọ tí yóò tẹ̀ síwájú láàárín ọdún méjì ààbọ̀, kì í ṣe apá òsì tí gbogbo wa ń wò. Ìtumọ̀ èyí fún mi ni pé ọpọlọ ọmọ kan lè tún apá òsì ṣe, ti òmíràn á la ọ̀nà àbùjá mìíràn, kí àwọn méjèèjì sì máa kàwé. Ẹ̀rọ tó wà ní ilé ìwòsàn ńlá, ì báà jẹ́ UCH wa níhìn-ín, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá kókó inú orí, ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ọpọlọ tàbí ọgbẹ́ ìṣubú. Bí ọmọ yín bá ń ní gìrì, bó bá fi orí ṣubú rí, bí orí bá ń fọ́ ọ pẹ̀lú èébì, tàbí bó bá ti mọ̀wé kà tẹ́lẹ̀ kó tó wá gbàgbé rẹ̀, ẹ má dúró de ìdáhùn mi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Ohun tí ẹ kọ sí mi kò jọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Àyẹ̀wò ojú àti ti etí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé mo ti rí ọmọ tí wọ́n pè ní olódo tó jẹ́ pé kò rí pátákó ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kí onímọ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe jókòó tì í, kó gbọ́ ọ bó ṣe ń kàwé, kó mọ ìró tó ń já lẹ́nu rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sì wà ní Ọ̀yọ́ tó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ẹni tí ẹ ó gbé e lọ bá.

Kì í ṣe gbogbo lẹ́sìnnì ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Lẹ́sìnnì tí tíṣà ti ń da ohun tí wọ́n kọ́ ní kíláàsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kò ní kan ibi tó ń dùn ún. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí wọ̀nyẹn lò jọ ara wọn: olùkọ́ kì í dúró kí ọmọ fúnra rẹ̀ wòye, á sọ ọ́ gbangba pé lẹ́tà yìí, ìró yìí ló dúró fún, á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn, kò sì ní kúrò lórí rẹ̀ títí ọmọ yóò fi mọ̀ ọ́n láìronú, á jẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ, kó sọ ọ́, kó fi ìka kọ ọ́, kó tún un kà. Á sì pọ̀. Ẹ wo iye wákàtí wọ̀nyẹn: 80, 100, 160. Ìṣẹ́jú 40 lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò gba ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ kó tó pé 100 wákàtí, èyí tó lé ní sáà ẹ̀kọ́ méjì. Ẹni tó bá ṣèlérí oṣù kan fún yín, owó yín ló ń wò. Bí agbára yín kò bá gbé olùkọ́ ojoojúmọ́, ẹ gbà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó kọ́ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ní ohun tí wọn yóò jọ máa ṣe nílé láwọn ọjọ́ tó kù. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá, mo sì mọ̀ pé àwọn òbí kan kì í fẹ́ gbọ́ ọ, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sanwó fún. Lẹ́tà Yorùbá kì í tan ọmọ. A ní lẹ́tà 25, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ lónìí ló máa sọ lọ́la. Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ “cough”, “though” àti “through” bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dún lọ́tọ̀. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ní dyslexia ní Ítálì, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé ara wọn. Ibì kan náà lápá òsì ọpọlọ ni kò ṣiṣẹ́ tó lára gbogbo wọn, síbẹ̀ àwọn ará Ítálì, tí bí wọ́n ṣe ń kọ èdè wọn rọrùn, kì í ṣi ọ̀rọ̀ kà tó àwọn yòókù. Yorùbá sún mọ́ ti Ítálì lórí èyí. Ohun tí tiwa fi le ni àmì ohùn: “ọkọ”, “ọkọ́”, “ọkọ̀” àti “ọ̀kọ̀”, bí a bá yọ àmì kúrò, ìrísí kan náà ni. Ẹ wá ìwé tí wọ́n fi àmì sí, kí olùkọ́ má sì fojú fo ó. Ẹ má bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò jó rẹ̀yìn. Láti 1970 ni Babs Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ jù lọ ìwádìí ọpọlọ tí mo ròyìn rẹ̀, lórí àwọn ọmọ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, nítorí náà ohun tí mo ń sọ lórí Yorùbá yìí, láti inú yàrá mi ló ti ń wá ju inú ẹ̀rọ lọ.

Ní ti ìsọ̀yè, mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, ìfẹ́ ló mú un sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro ọmọ yìí kì í ṣe ìgbàgbé. Ẹni tó ń rántí iye owó gbogbo aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù kò nílò ìsọ̀yè. Awò ojú aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń polówó fún dyslexia náà kò ní ẹ̀rí tó dúró. Ẹgba ló burú jù. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń já nígbàkígbà tó bá ṣí ìwé kò ní àyè láti gbọ́ ìró kankan.

Òótọ́ kan kù tí n kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ẹ̀kọ́ ń ran ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́, kì í ràn wọ́n bákan náà. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan wà lọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí ilé-ìwé kan ti ní kó má padà wá mọ́. Nígbà tó parí, ó lè ka ohunkóhun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀, láìṣì í kà, ṣùgbọ́n ojú ewé tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú méjì kà, ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń gbà á, ìyẹn kò sì kúrò títí di òní. Àwọn díẹ̀ tún wà tí mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún tí ìtẹ̀síwájú wọn kéré, tí mo ṣì ń ronú nípa wọn lálẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò tíì pẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún mẹ́fà ìbá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ti ń wá olùkọ́, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa ka ìbéèrè ìdánwò sí i létí, kí wọ́n jẹ́ kó fi ẹnu dáhùn ohun tó bá lè fi ẹnu dáhùn, kí wọ́n má sì pè é síta mọ́ láti kàwé sókè lójú gbogbo kíláàsì.

Ó ku ìbéèrè ọmọ náà. Ẹ má sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, torí ó mọ̀ pé nǹkan kan wà. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ti jẹun tán, tí kò sí ẹni tó ń kánjú, ẹ pè é jókòó. Ẹ sọ fún un pé orí rẹ̀ kò bàjẹ́. Pé ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọ inú orí ni kò tíì là dáadáa nínú tirẹ̀, pé àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn àti ní gbogbo ayé, pé olùkọ́ kan ń bọ̀ tó máa bá a la ọ̀nà náà, á sì pẹ́ díẹ̀, á sì rẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn, ẹ̀yin náà á sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bi yín ní ohun tó bá fẹ́ bi yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ da ìdérí ìgò mélòó kan sórí tábìlì, kí ẹ ní kó pe orúkọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, kó sì gbé ọ̀kan síwájú fún ìró kọ̀ọ̀kan tó bá gbọ́.